Májèlé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fi Sóúnjẹ

Nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán ni ẹni àkọ́kọ́ bì. Ọkọ àbúrò ìyá mi ni, ọkùnrin gìrìpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó kúrò lójú agbo, tí òógùn ṣì ń ṣàn lára aṣọ ẹbí rẹ̀. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fi ọwọ́ kan ti ògiri náà, ó sì dá gbogbo ohun tí ó jẹ padà. Àwọn tí ó rí i fi í rẹ́rìn-ín pé ọtí ti pa á. Kí àwọn onílù tó yí ìlù padà, ènìyàn mẹ́ta mìíràn ti ń sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí yóò sì fi di agogo márùn-ún, mo ti ka ènìyàn 41 tí wọ́n jókòó sílẹ̀ tàbí tí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní, tí wọ́n di ikùn mú. Ìsìnkú ìyá tí ó bí ìyá mi ni à ń ṣe, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ní oṣù Kejìlá ọdún 2014. Ìyá náà ti kọjá 90 ọdún kí ó tó sùn, òkú ayọ̀ ni, a sì ti pa mààlúù méjì lé e lórí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíràn lọ. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé kí ni ó ṣe àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ohun tí gbogbo ẹnu ń béèrè ni pé ta ni ó ṣe é, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ rí ìdáhùn nínú ilé olórogún. Ìyàwó méjì ni bàbá ìyá mi fẹ́. Ìyáálé ni a ń sin, èyí tí ó kù ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti lé ní ọdún 75 nígbà náà. Wọ́n ní àwọn rí i lóru níbi tí àwọn alásè ń dáná sí. Òótọ́ ni pé ó lọ síbẹ̀: omi gbígbóná ni ó lọ tọrọ, tí ó fẹ́ fi jó orúnkún rẹ̀ tí ń dùn ún. Ẹ̀rí kejì tí wọ́n dì mọ́ ọn lẹ́rù ni pé kò jẹ ìrẹsì. Àmàlà ni ó jẹ, nítorí pé ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra, ẹnì kan sì ti kìlọ̀ ìrẹsì fún un (n kò mọ ẹni tí ó sọ fún un pé àmàlà kò ní ohun tí ìrẹsì ní nínú, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn). Ẹni tí kò jẹ nínú oúnjẹ tí gbogbo ayé jẹ, tí gbogbo ayé sì ń bì, kí ni a tún ń wá lọ?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí mo sì máa ń já sí ni ọ̀rọ̀ tí a ní lẹ́nu fún irú nǹkan báyìí. Bí oúnjẹ bá ṣe ènìyàn ní jàǹbá, májèlé ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu, májèlé kì í sì í dá rìn nínú èdè wa. A fi í sóúnjẹ ni, a dà á sọ́tí ni, a fi í pamọ́ sábẹ́ èékánná bu omi fún àlejò ni. Ẹnì kan ni ó ní in, ẹni náà sì ní ìdí tí ó fi lò ó. Nígbà tí àwọn oníròyìn wa wá ń wá orúkọ fún àìsàn tí kòkòrò àìfojúrí inú oúnjẹ ń fà, májèlé inú oúnjẹ ni wọ́n mú, wọ́n sì fi ọ̀tá kún un láìmọ̀. Ohun tí ó sì ń ṣe wá jù lọ nídìí oúnjẹ kò ní ọ̀tá kankan nínú. Àwọn tí ó fẹ́ràn wa ni ó máa ń sè é.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni mo ń ṣe. Ilé-ìwòsàn kan ní Ìbàdàn ni mo wà, láti ọdún 2006 ni mo sì ti ń jókòó ti máíkírósíkóòpù, tí mo ń wo ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. N kò lè sọ pé ọ̀fọ̀ kò mú mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti mọ́ iṣẹ́ kò mọ ọjọ́ òkú. Mo mú bírò kan, mo yí ìwé ètò ìsìnkú padà sí ẹ̀yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí ẹní kan dé èkejì pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta péré: kí ni ẹ jẹ, ìgbà wo ni ẹ jẹ ẹ́, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Nígbàkígbà tí mo bá yí ìwé náà, àwòrán Màmá a máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti ojú kejì.

Oríṣi ìrẹsì méjì ni a sè, yàtọ̀ sí àmàlà, ìkọ́kọrẹ́ àti mọ́ínmọ́ín. Jọ̀lọ́ọ̀fù wà lórí iná títí tí wọ́n fi ń bù ú. Àwọn tí ó jẹ òun nìkan kò ní ohunkóhun. Ìrẹsì funfun ni èkejì, nínú ènìyàn 41 náà sì ni 38 ti sọ pé àwọn jẹ ẹ́, àwọn mẹ́ta tí ó kù kò rántí dáadáa. Agogo kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ. Kò sí ẹni tí ó pẹ́ ju wákàtí márùn-ún lọ kí ó tó bì, ìgbẹ́ gbuuru kò pọ̀, ibà kò sì mú ẹnì kankan. Fún ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ mi, aago tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Salmonella, ọ̀kan lára àwọn kòkòrò tí ń bá oúnjẹ wọ inú ènìyàn, kì í sábà yá tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbà tó wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, ó sì lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ sí i nínú ìfun ẹni tí ó gbé e mì. Ohun tí ó bá mú ènìyàn bì láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán nínú oúnjẹ kí oúnjẹ náà tó dé ẹnu.

Mo lọ bá kúlà. Kúlà ńlá aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tí àwọn alásè máa ń yá, tí ìrẹsì inú rẹ̀ lè tó 100 ènìyàn í jẹ. Bí mo ti ṣí ideri rẹ̀, mo rí omi tí oru ìrẹsì dì sí abẹ́ ideri náà tí ó ń kán tó, tó, tó padà sínú oúnjẹ. Mo ki ọwọ́ bọ àárín. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí omi tí a fẹ́ fi wẹ ọmọ tuntun. Mo gbé e sí imú, kò rùn. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò yọ̀. Ojú lásán kò rí ohunkóhun tí ó lè mú kí ènìyàn kọ̀ ọ́. Mo bi obìnrin alásè náà pé ìgbà wo ni wọ́n sè é. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó ní, “Àǹtí, agogo méjì òru la sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí agogo mẹ́ta tó lù la ti dì í sí kúlà, a tún fi aṣọ méjì bò ó lórí, kí ó má baà tutù.”

Kí ó má baà tutù. Gbogbo àṣìṣe ọjọ́ náà wà nínú gbólóhùn yẹn, ìfẹ́ ni ó sì bí i.

Mo bu ìrẹsì náà sínú ìgò tí mo ti fi omi híhó ṣàn, mo kó yìnyín tì í, mo sì gbé e lọ sí Ìbàdàn ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, mo ṣí àwo àyẹ̀wò tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ àgùntàn sí, èyí tí mo gbin díẹ̀ nínú ìrẹsì náà lé. Àwọn àbàwọ́n pẹlẹbẹ ti yọ lójú rẹ̀, wọ́n funfun bí eérú, etí wọn rí wúruwùru, ojú wọn sì rí bí dígí tí a lọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká ti mọ́ gaara nítorí pé wọ́n ti jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Bacillus cereus ni. Nínú gíráàmù ìrẹsì kan ṣoṣo, iye rẹ̀ kọjá 100,000 dáadáa.

Inú ilẹ̀ ni ilé kòkòrò yìí, oko ni ó sì ti ń bá ìrẹsì bọ̀. Nígbà tí ìyà bá fẹ́ jẹ ẹ́, yálà ọ̀gbẹlẹ̀ ni tàbí iná, ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ sínú ìkarahun kékeré kan, bí ìgbín ṣe máa ń dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí yóò sì sùn. Omi híhó tí ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn kì í pa èyí tí ó wà nínú ìkarahun. Ó kàn ń pa àwọn tí ì bá bá a du oúnjẹ ni, ó sì tún ń jí òun alára. Bí ìrẹsì bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn èyí, tí kò gbóná ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí kò sì tutù tó 5, ìgbín ti jáde nìyẹn. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, bí wọ́n sì ti ń pọ̀ ni wọ́n ń po nǹkan kan sínú ìrẹsì náà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cereulide. Nǹkan yìí gan-an ni ó ń mú ènìyàn bì. Iná kò sì ràn án: o lè tún ìrẹsì náà sè kí ó hó kùtùkùtù, kòkòrò á kú, ohun tí kòkòrò fi sílẹ̀ á wà níbẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n sè ní agogo méjì òru, tí a jẹ ní agogo kan ọ̀sán, ti lo wákàtí 11, inú kúlà ni ó sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kúlà kò mú un gbóná tó láti pa wọ́n, kò sì jẹ́ kí ó tutù tó láti dá wọn dúró. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ ilé fún wọn, irú ilé tí yóò kọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn tí ó jẹ ìrẹsì díndín nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ń bì láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn alásè ibẹ̀ máa ń se ìrẹsì púpọ̀ lálẹ́, wọn kì í gbé e sí fíríìjì nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ra, wọn yóò fi í sílẹ̀ sínú ilé ìdáná di ọjọ́ kejì, wọn yóò sì fi òróró dín in fìrì fún oníbàárà. Ilẹ̀ yàtọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà.

Mo máa ń rò pé ó yẹ kí inú bí Màmá tí a ń sin, bí òkú bá ń bínú, nítorí pé nínú ilé ìdáná tirẹ̀ irú nǹkan báyìí kò lè ṣẹlẹ̀. Ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ ni ó máa ń gbé ọbẹ̀ kaná, kì í sì í sọ̀ ọ́ títí tí yóò fi hó dé àárín. Bí ẹnì kan bá gbàgbé, tí ọbẹ̀ náà bá ta fóòmù lójú, yóò dà á nù, yóò sì fi èébú lé e. Kò mọ kòkòrò kankan lórúkọ. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń pa àwọn tí ó ń jí kí wọ́n tó rí àyè po ohunkóhun. Ògì tirẹ̀ máa ń kan gan-an, ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń fa àìsàn kì í sì í lè gbé inú oúnjẹ tí ó bá kan tó bẹ́ẹ̀. Irú tí ó ń fi sọ́bẹ̀ ńkọ́? Bacillus subtilis ni ó ń sọ hóró irúgbá di irú, ìbátan èyí tí ó dá ìsìnkú rẹ̀ rú ni, wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà. Ọgbọ́n tí ó ní pọ̀, ṣùgbọ́n fún ọbẹ̀, ẹ̀kọ, àmàlà àti ẹ̀bà ni. Ìrẹsì nígbà tirẹ̀, oúnjẹ Kérésìmesì àti Ọdún Àjíǹde ni, ìkòkò kékeré ni, àwọn ọmọ á sì ti fá ìdí rẹ̀ kí ó tó tutù. Kò sí ẹni tí ó fi ọgbọ́n kúlà sílẹ̀ fún wa.

Àwọn kòkòrò mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn jọ ti Bacillus cereus. Staphylococcus aureus máa ń gbé imú àti awọ ara ènìyàn, láti inú oówo ọwọ́ alásè ni ó sì máa ń bọ́ sínú ẹran tí a ń já tàbí sáláàdì tí a ń pò. Òun náà a máa po ohun tí iná kò ràn, òun náà sì yá. Clostridium perfringens fẹ́ràn ìkòkò ọbẹ̀ ẹran ńlá tí ó ń tutù díẹ̀díẹ̀ lóru, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni tirẹ̀, ní nǹkan bí wákàtí 8 sí 12 lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tí ó jẹ àsè lọ́sàn-án tí inú sì jí i lóru lè ro ti ìkòkò ọbẹ̀ kí ó tó ro ti àbúrò ọkọ rẹ̀.

Ilé ìlera kékeré tí ó wà ládùúgbò kò ní omi ìfàsára ju mẹ́rin lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, àgbàlagbà ni wọ́n sì fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti bì títí ojú rẹ̀ fi wọ inú, ẹnu rẹ̀ gbẹ, kò sì tọ̀ láti ọ̀sán. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wá ìgò omi lítà kan, ó mú ṣíbí tíì, ó bu ṣúgà ṣíbí mẹ́fà, ó ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé ojú ṣíbí náà kí ó lè dọ́gba, ó bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí, ó sì gé ojú tirẹ̀ náà. Ó mì ín, ó tọ́ ọ wò kí ó má baà níyọ̀ ju omi ojú lọ. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó sì ń fún un ní ṣíbí kan, á dákẹ́ díẹ̀, á tún fún un ní ṣíbí kan. Bí ó bá bì í, á ní sùúrù, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá òru lù, a gbọ́ tí ìyá mi kígbe láti inú iyàrá pé, “Ó ti tọ̀! Ó ti tọ̀ sí mi láṣọ!” Ìgbà yẹn ni àbúrò mi tó sunkún.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ ìyá mi ní èyí níbi tí ó ti ń gbé wa lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn àwọn ọmọdé tí ó di Mínísítà Ìlera ní ọdún 1985, ń tì í kí gbogbo ìyá ọlọ́mọ lè mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà í pò nílé. Ṣúgà ibẹ̀ kì í ṣe fún dídùn. Òun ni ó ń bá iyọ̀ ṣílẹ̀kùn lára ìfun, omi a sì tẹ̀ lé wọn wọlé. Àrùn onígbáméjì ni a fi dán an wò jù lọ: ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, àwọn tí ogun lé kúrò nílé kún àgọ́ tí ó wà ní Bangaon ní ilẹ̀ Íńdíà, onígbáméjì sì wọ àárín wọn. Dókítà Dilip Mahalanabis rí i pé omi ìfàsára ń tán lọ, ó ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà glucose sínú àgbá, kí àwọn ẹbí aláìsàn sì máa fi ife bu ú fún wọn mu. Ikú tí ń mú nǹkan bí 30 nínú 100 tẹ́lẹ̀ wálẹ̀ dé bíi mẹ́rin. Ọdún 2022 ni Mahalanabis kú. Ní ọdún 2021, tí ó ku ọdún kan péré kí ó kú, onígbáméjì ṣì pa ènìyàn tí ó lé ní 3,600 ní Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tí ṣúgà àti iyọ̀ kò wọ́n. Kì í ṣe pé a kò mọ oògùn rẹ̀. Kànga tí ó sún mọ́ ṣaláńgá ni, omi tí a ń mu láìsè ni, àti aláìsàn tí a kọ́kọ́ gbé lọ síbòmíràn nítorí pé a ń wá ẹni tí ó ṣe é.

Obìnrin kan tí Ìyá Kékeré kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni mo máa ń rántí bí mo bá rántí rẹ̀. Mary Mallon ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, ọdún 1869 ni wọ́n bí i, Amẹ́ríkà ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ alásè fún àwọn olówó New York. Ní ìgbà ooru ọdún 1906, ó dáná fún ìdílé kan tí ó yá ilé ní Oyster Bay. Mẹ́fà nínú àwọn 11 tí ó wà nínú ilé náà ni táífọ́ọ̀dù dá wó. Wọ́n bẹ ọ̀gbẹ́ni George Soper lọ́wẹ̀ láti wá ìdí rẹ̀. Ó wo omi, ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò rí ohun kan, kí ó tó wá tọpasẹ̀ alásè tí ó ti fi ilé náà sílẹ̀, tí ó sì rí i pé nínú ilé mẹ́jọ tí obìnrin yìí ti dáná, táífọ́ọ̀dù ti jà nínú méje. Mary ní táífọ́ọ̀dù kò ṣe òun rí. Inú àpò òróòro àwọn ènìyàn kan ni kòkòrò náà máa ń fara pamọ́ sí, wọn yóò sì máa yà á láìmọ̀. Oúnjẹ gbígbóná tí ó bá sè kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, nítorí pé iná ń pa Salmonella Typhi. Àìsìkíríìmù tí ó gé èso písì tútù sí ni wọ́n fura sí.

Nígbà tí Soper lọ bá a pé kí ó fún òun ní ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, fọ́ọ̀kì ìgéran ni ó fi lé e jáde. N kò dá a lẹ́bi pátápátá. Àlejò ọkùnrin kan wọlé wá bá ọ nídìí ààrò, ó ní ìwọ ni o ń pa àwọn tí o ń bọ́, ara rẹ sì le bí òkúta. Kí ni ìwọ yóò ṣe? Wọ́n fi ọlọ́pàá mú un ní ọdún 1907, wọ́n rí kòkòrò náà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í sí erékùṣù North Brother. Ìwé ìròyìn kan ní ọdún 1909 yà á bí ẹni tí ó ń fọ́ agbárí òkú sínú páànù bí ẹní ń fọ́ ẹyin. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní ọdún 1910, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní dáná mọ́. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ tí ó ń ṣe kò mówó wá, ó yí orúkọ padà sí Brown, ó sì padà sídìí ààrò. Ní ọdún 1915, táífọ́ọ̀dù mú ènìyàn 25 ní ilé-ìwòsàn àwọn obìnrin tí ó ń jẹ́ Sloane, méjì nínú wọn kú, alásè tí ó wà níbẹ̀ sì ni Mary. Orí erékùṣù náà ni ó wà títí tí ó fi kú ní ọdún 1938, kò sì gbà títí ọjọ́ ikú rẹ̀ pé òun ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìyá Kékeré kò ṣe nǹkan kan, wọ́n ní ó ṣe é. Mary ṣe é, kò sì lè gbà. Agbárí òkú inú páànù yẹn ni ìṣòro àwọn méjèèjì. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún Mary pé kòkòrò kan ń fi ara rẹ̀ ṣe ilé, dípò kí ó sọ fún un pé apànìyàn ni, bóyá ì bá ti gbọ́.

Ó yẹ kí n fi ẹnu kan iṣẹ́ tèmi náà, nítorí pé a máa ń dá ẹjọ́ tí kò lẹ́rìí níbẹ̀. Àyẹ̀wò Widal, tí ará Faransé kan, Fernand Widal, gbé jáde ní ọdún 1896, kò wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù rárá. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ni ó ń wá, ara sì lè ní in láti ara àìsàn ọdún tó kọjá, láti ara abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí láti ara ìbátan kòkòrò náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń gbìn sínú ìgò ni ó dájú jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan, owó rẹ̀ sì ju ti èkejì lọ. Nítorí náà ni gbogbo ibà ìlú wa fi di máléríà àti táífọ́ọ̀dù, bí Táyé àti Kẹ́hìndé, tí àwọn ènìyàn sì ń gbé oògùn kòkòrò mì bí ẹ̀pà. Mo ti fi ọwọ́ ara mi bu ọwọ́ lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú èsì bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn wọ̀nyí kò tún wá mú kòkòrò mọ́ bí ó ti ń mú wọn tẹ́lẹ̀, èmi náà sì mọ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú yẹn gan-an, ẹnì kan ti ń pín Flagyl àti tẹtirasáíkílìnì kiri fún àwọn tí ń bì, oògùn tí kò lè ṣe nǹkan kan fún wọn, nítorí pé kòkòrò kọ́ ni ó ń mú wọn bì, ohun tí kòkòrò ti pò sílẹ̀ ni.

Ẹnikẹ́ni kò kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti dìde, bí Bacillus cereus ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni mo gbé èsì mi lọ sí ìpàdé ẹbí, mo sì ṣàlàyé ìgbín, ìkarahun, kúlà àti wákàtí 11. Wọ́n tẹ́tí sí mi gidigidi. Nígbà tí mo parí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó dàgbà jù bọ́ fìlà, ó wò mí, ó sì bi mí pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìrẹsì fúnra rẹ̀ ni o ń sọ pé ó dìde bá wa jà?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Kò sọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ìyáálé kò ti jẹ oúnjẹ nílé Ìyá Kékeré mọ́, tí àwọn ọmọ tirẹ̀ náà kò sì ki ẹsẹ̀ bọ àgbàlá wa.

Ọdún kejì, nígbà tí a ń ṣe ìrántí ọdún kan, mo gba àyè lọ́dọ̀ ìyá mi pé èmi ni n óò dúró ti àwọn alásè. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni a gbé ìrẹsì kaná, kò sí kúlà kankan, ẹyin iná wà lábẹ́ ìkòkò títí tí a fi bù ú tán. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí Ìyá Kékeré. Ó dá wá fúnra rẹ̀, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, kò sì wọ inú àgbàlá. Ó fi àga rẹ̀ sí ìta ọgbà, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i pé kò sún mọ́ ibi tí iná wà. Mo lọ kúnlẹ̀ kí i. Mo bi í pé ṣé kí n bu àmàlà fún un. Ó wo ibi tí àwọn ìkòkò wà fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, “Ìrẹsì ni kí o bù fún mi. Bù ú kí ó pọ̀, kí wọ́n lè rí i.”